Mo Sanwó Kí N Tó Sùn Nílẹ̀

Bùráímọ̀ tó ń ṣọ́ ibùdó já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi,
ó ní: "Ààyè keje, lábẹ́ igi ọdán.
Ẹ má dáná sún mọ́ àgọ́ o.
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń ta yìnyín."
Mo ka owó sí i lọ́wọ́.
Ìyá mi ì bá wà láyé, ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀:
ọmọ Jinádù apẹja
ló ń sanwó kó tó sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀
létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

Ìbíyẹmí ti sáré ṣáájú.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, inú fúláàtì ní Ògùdù ló dàgbà sí,
kò tíì rí omi tí kò ní ògiri.
"Ṣé òkun nìyí?"
Rárá. Ọ̀sà ni.
Òkun wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bínú.
Èyí ń ronú.

Èèkàn mẹ́jọ ló yẹ kó wà nínú àpò àgọ́, méje la bá.
A fi ṣíbí ìrẹsì gúnlẹ̀ dípò ìkẹjọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta,
ọkùnrin kan láti ààyè kẹfà, tòun ti ṣòkòtò péńpé,
wá bá wa fa okùn náà le.
Kò sọ̀rọ̀.
Ó padà sídìí ẹ̀pìà tó ń yan.

Bàbá mi kò ní àgọ́.
Imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀, ẹní kan, fìtílà tí gíláàsì rẹ̀ ti sán:
níbẹ̀ ló ti ń dúró de àwọ̀n mọ́júmọ́,
tí òtútù ń kọ orúkọ sí i léegun.
Á wálé, á máa rùn bí ẹrẹ̀, á máa wúkọ́.
Mo búra, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí,
pé ilẹ̀ kò ní kan ẹ̀yìn mi mọ́ láéláé.
Nítorí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣe kàwé.
Kì í ṣe nítorí ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni.

Alẹ́ lẹ́, ẹ̀fọn dé.
Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké bíi kíláàsì tó ń ka ábídí
tí tíṣà ti sùn lọ.
Àwọn ará ààyè kejì tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù;
"Góòlù!", ni ẹyẹ bá tú lórí ọdán.
Nígbà tí wọ́n pa á,
òkùnkùn wọlé jókòó
bí àlejò tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́.

Ìbíyẹmí di ọwọ́ mi mú.
"Dádì, kí ló ń lu omi? Pọ̀, pọ̀."
Ara mi mọ ìdáhùn kí ẹnu mi tó là.
Apẹja ni. Àjẹ̀ ló fi ń na omi,
kí ẹja lè sá wọ àwọ̀n.
"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"
N kò fèsì.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ àgọ́: pọ̀, pọ̀.
Ó lu tirẹ̀: pọ̀.

Òjò kò kágò kó tó wọlé.
Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ṣíbí fà yọ,
ẹ̀gbẹ́ àgọ́ kan wó lé wa lórí,
ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin ní ìgbáròkó,
èmi dùbúlẹ̀ sínú omi,
mo ń wúkọ́,
mo sì mọ ẹni tó ni ikọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́. A jẹ ẹ̀kọ tútù.
A ká àgọ́ bí ẹni ká ọmọ tí kò fẹ́ wọṣọ.
"Ẹ tún ń bọ̀?" Bùráímọ̀ ló bi mí.
Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí.
Ó ní òun kọ́ lòun béèrè ìyẹn.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkòròdú kí n tó rántí ṣíbí.
Mo tún un gún lóru, mi ò yọ ọ́.
Ìbíyẹmí ní: ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.
Bóyá èèkàn ẹlòmíì kò ní pé.